Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Mi Já Sí

Ibi tí fóònù ìyàwó mi máa ń já sí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gun bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà láti ọ̀nà Yábàá, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà Súrùlérè, láàárín òpó iná kejì sí ìkẹta, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Kì í yẹ̀. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ọdún mọ́kànlá gbáko ni fóònù yẹn fi ń já síbẹ̀.

Àgùdà ni mò ń gbé, nínú yàrá méjì àti pálọ̀ kan, láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀. Tàbí kí n sọ òótọ́: láti ìgbà tí rélùwéè ti fi mí sílẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń ta òwú ìránṣọ àti síìpù ní Sábó. Bó bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó jókòó sínú ọkọ̀, á pè mí. Kò ní ohun kan pàtó tó fẹ́ sọ. Á ròyìn télọ̀ tó dá síìpù padà pé kò ṣí, á ròyìn ẹni tó bímọ, ẹni tó kó kúrò, ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé kò rí òun. Èmi á máa dáhùn "ẹn-ẹ́n" títí ohùn rẹ̀ á fi wọ kànga. Bó bá ti já báyìí, mo ti mọ ibi tó dé. Màá dìde, màá gbé omi ẹ̀bà kaná. Kó tó wọlé, ẹ̀bà ti wà lórí tábìlì, ọbẹ̀ ti gbóná.

Àwọn ará àdúgbò máa ń gbé ilé-iṣẹ́ fóònù yẹn ṣépè. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Nídìí iṣẹ́ ojú irin tí mo ṣe, odidi èèyàn ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ kó máa jókòó sí ibùdókọ̀ kan, kó máa lu aago sí ibùdókọ̀ tó kàn pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ òun o. Ilé-iṣẹ́ fóònù ń bá mi lu aago yẹn lójoojúmọ́ láìmọ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣépè lé lórí?

Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìyàwó mi kì í mọ ìgbà tí fóònù já. Kì í wo ojú rẹ̀. Ó gbà pé bí òun bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ń gbọ́ nìyẹn. Bó ṣe ṣe nínú ìgbéyàwó wa náà nìyẹn. Nítorí náà á máa rojọ́ lọ látorí bíríìjì títí yóò fi sọ̀ ní Àgùdà. Bó bá wá wọlé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé mo ti ṣe ohun tí òun ní kí n ṣe. Màá bi í pé èwo nínú rẹ̀. Á ní èyí tí òun sọ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ìjà ìrọ̀lẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá gbá ilẹ̀ orí bíríìjì yẹn dáadáa, ìdajì ohun tí obìnrin yẹn bá mi sọ láti ọdún mọ́kànlá ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Kí n tó máa lọ: mi ò gbàgbé orúkọ èèyàn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ orúkọ ọ̀gá ibùdókọ̀ tó kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́, orúkọ ẹni tó ń fi fìtílà pàṣẹ fún ọkọ̀ lẹ́yìn mi, orúkọ ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ tó gbé ìyàwó mi wálé lọ́jọ́ ìkẹyìn, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ẹyọ kan síbí. Àwọn tó ṣe dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀ mí fún ìyìn, àwọn tí kò sì ṣe dáadáa ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́.

Lọ́jọ́ náà, Ọjọ́bọ̀ ni, ó pè bó ṣe ń pè. Ó sọ ti télọ̀ kan tó ra òwú dúdú tó ní búlúù lòun rà. A rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó fi sọ fún mi pé bàbá òun ti kú nìyẹn, òun náà ló fi sọ fún mi pé òun lóyún àkọ́bí wa.

"Bàbá," ó ní, "ohun kan wà lọ́kàn mi tó ti pẹ́, tí mi ò sọ fún yín. Ẹ má bínú o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń…"

Ohùn rẹ̀ wọ kànga, ó dákẹ́.

Mo dìde, mo gbé omi kaná.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ọkọ̀ tó máa ń wọ̀. Ìyá Oníbọ́tìnnì ló dì í mú. Ìyá yìí ni wọ́n jọ ń pín ìsọ̀ ní Sábó, òun ń ta bọ́tìnnì, ìyàwó mi ń ta òwú, ibùdókọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ̀ ní Àgùdà. Ẹnu ìyàwó mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń wò mí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n kò jẹ́ fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ọwọ́ mi, ó ń wojú mi bí ẹni tó ń dúró de èsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ. Nígbà tí mo padà délé, ẹ̀bà Ọjọ́bọ̀ ṣì wà lórí tábìlì níbi tí mo fi àwo dé e sí. Ó ti di òkúta.

A sin ín tán, ọ̀rọ̀ tó já yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. "Ẹ má bínú o." Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún lọ́ọ̀dẹ̀ èèyàn, tó wá ní kí èèyàn má bínú, kí ló ṣe? Mo ṣèèṣì sọ ọ́ fún àwọn ẹbí, ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í parí gbólóhùn náà bó ṣe wù ú. Àkọ́bí mi ní ilẹ̀ ni. Ó ní ìyá òun ti ra ilẹ̀ síbì kan láìsọ fún mi, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá mo ti yẹ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ wò. Àlùfáà wa ní kò sí àní-àní, ó fẹ́ rọ̀ mí kí n padà sí ìsìn àárọ̀ ni. Olúkúlùkù rí ohun tó ń wá nínú ẹnu òkú.

Àbúrò ìyàwó mi obìnrin ló wá ba tèmi jẹ́ pátápátá. Òun kò parí gbólóhùn náà. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ohun tó bá ti kọjá ti kọjá náà nìyẹn."

Kí ló kọjá? Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, rélùwéè gbé mi lọ sí òkè ọ̀hún, lápá àríwá, fún ọdún mẹ́rin, ìyàwó mi sì dúró ní Èbúté Mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mò ń wá sílé bí àyè bá ṣe gbà. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn la bí ọmọ wa kẹta. Mi ò ro nǹkan kan sí i rí. Àmọ́ lẹ́yìn tí àbúrò ìyàwó mi sọ̀rọ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo etí ọmọ náà. Etí rẹ̀ tóbi, ó nà síta bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì. Kò sí irú etí bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tó ti ní irun funfun, tó jẹ́ tíṣà, èmi bàbá rẹ̀ wá ń wo etí rẹ̀ bó bá ń jẹun.

"Dádì, kí lẹ̀ ń wò?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo ní kòkòrò kan ló fò kọjá.

Ó wá hàn sí mi pé tí mi ò bá rí ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn, n ó kú pẹ̀lú ìfura sí obìnrin tí kò lè dá mi lóhùn mọ́. Ìyẹn ló gbé mi dìde. Iṣẹ́ tí mo sì ṣe ni mo fi ronú ibi tí màá wá a lọ.

Láyé iṣẹ́ wa, ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà lọ, òun náà ló ń gbà bọ̀. Kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lójú kan, irin kékeré kan wà tí à ń pè ní tókìn. Dírẹ́bà tí kò bá gba tókìn kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀. Kí èmi tó lè fún un, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu aago bi ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ iwájú pé: ọkọ̀ kan fẹ́ máa bọ̀, ṣé o gbà á? Òun náà á lu aago padà: mo gbà á. Ìgbà yẹn ni màá tó dúró lẹ́bàá ojú irin, tí màá na tókìn sókè lórí òrùka awọ ńlá. Dírẹ́bà á fi ọwọ́ kan ju tókìn ibi tó ti ń bọ̀ sílẹ̀, á fi apá kejì kọ́ tèmi lọ́rùn òrùka, ọkọ̀ ò ní dúró. Gbogbo rẹ̀ la ń kọ sínú ìwé: àsìkò tó kúrò lọ́dọ̀ mi, àsìkò tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ọkọ̀ wa máa ń pẹ́, mi ò sẹ́. Ó lè fi ọjọ́ méjì pẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé mi, ọkọ̀ kan kò sọnù rí.

Nítorí náà mo sọ fún ara mi pé: ọ̀rọ̀ ìyàwó mi kúrò lọ́dọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Yábàá, kò dé ọ̀dọ̀ ti Súrùlérè. Ó ní láti wà nínú ìwé ẹnì kan.

Mo kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ohùn kan tí kì í ṣe ti èèyàn ní kí n tẹ ẹyọ kan tí mo bá fẹ́ Yorùbá. Yorùbá tó ń sọ náà mọ́, àmọ́ ó tutù bí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú fìríìjì. Ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó kí mi dáadáa, mo ro ẹjọ́ mi, ó ní kí n dúró, òun fẹ́ gbé mi fún ọ̀gá òun. Orin bẹ̀rẹ̀. Orin já. Mo tún pè, ọmọbìnrin míì tún fẹ́ gbé mi fún ọ̀gá, ó tún já. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Mo wá rí i pé àìsàn àwọn òpó yẹn ti ran àwọn èèyàn wọn.

Ni mo bá wọ kóòtù rélùwéè mi, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Súrùlérè. Wọ́n fún mi ní bébà tó ní nọ́ńbà, wọ́n ní kí n jókòó. Ó tutù níbẹ̀ débi pé mo dúpẹ́ pé mo wọ kóòtù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdí tábìlì kìíní fi orúkọ rẹ̀ kọ́ àyà, mo kà á, mo sì ṣì mọ̀ ọ́n dòní. Mo sọ fún un pé ìyókù ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni mo bá wá.

"Ṣé dátà ni, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ ni."

"Àbí wọ́n yọ owó yín?"

"Wọn ò yọ owó. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀."

Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní tábìlì kejì ló ń rí sí irú tèmi. Ẹni tó wà ní tábìlì kejì ní ẹni tó ni láìnì fóònù náà gan-an ni kó wá fúnra rẹ̀, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Mo ní kò lè wá. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ó ti kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ó ní. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Nígbà tó bá ráyè, kó wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tábìlì kẹta ni mo ti bá obìnrin kan tó dàgbà ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Ó sọ fún mi pé àwọn kì í tọ́jú ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ní kó mú ìwé tí òpó ń kọ ọ̀rọ̀ tó kọjá sí wá, kí èmi fúnra mi wò ó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, ó gbé ẹ̀rín mì. Bóyá kó lè rí nǹkan sọ ni, ó bi mí ibi tó ti já. Mo sọ fún un: orí bíríìjì, láàárín òpó iná kejì sí ìkẹta, ní bíbọ̀ láti Yábàá. Mo ní ní lílọ, bó bá pè mí láàárọ̀, kì í já rárá. Ó dá báírò ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dìde, ó wọ inú lọ, ó sì mú ọmọbìnrin kékeré kan jáde, oníṣòkòtò, tó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní ẹnjiníà ni.

Ọmọ yìí kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé lílọ kì í já?"

"Ọdún mọ́kànlá," mo ní. "Bíbọ̀ ló ń já."

Ó ní ẹ̀rọ àwọn ń sọ fún àwọn pé ìpè ń já ní agbègbè yẹn, àmọ́ kì í sọ pé ibí ni pàtó, kò sì sọ pé bíbọ̀ nìkan. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fáífù-jí, wọ́n sì ti ṣèlérí fún gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ kò ní já lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé àwọn gba ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kejì, kí n fi ibẹ̀ han àwọn. Mo bi í bóyá a máa rí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi. Ó ní òun ò lè purọ́ fún mi, àmọ́ a máa rí ibi tó bọ́ sí. Mo ní kò burú. Nídìí iṣẹ́ wa náà, ibi tí ọkọ̀ ti yẹ̀ lójú irin la kọ́kọ́ ń lọ wò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá gbé mi. Dírẹ́bà wà níwájú, èmi àti ẹnjiníà wà lẹ́yìn, fóònù mẹ́rin tí wọ́n fi wáyà so ń tan iná, ń pa á ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àwọn aláìsàn. A lọ yí po ní Sábó, a kọjú sílé. Lójú ọ̀nà ló ti là á yé mi. Ó ní fóònù tó wà lọ́wọ́ èèyàn kì í gbọ́ òpó kan ṣoṣo. Bí ohùn òpó ẹ̀yìn bá ti ń rẹ̀ ẹ́, tí ti iwájú ń le sí i, fóònù á sọ fún ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn á bi ti iwájú bóyá ó ráyè gba èèyàn kan. Bó bá gbà, wọ́n á gbé onítọ̀hún fún un, òun tó ń sọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n gbé òun.

"Tókìn nìyẹn," mo ní.

Ó bi mí kí ló ń jẹ́ tókìn. Mo ṣàlàyé látibẹ̀ títí a fi kọjá Tejúoṣó. Dírẹ́bà sọ fún mi pé kí n tún sọ ti ọwọ́ méjèèjì tí dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin ń lò.

Ẹnjiníà ní ohun tí òun fura sí ni pé òpó kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ sí. Òpó tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, èyí tó ni ìwé kò lè fa èèyàn lé e lọ́wọ́, kódà kó máa wò ó lójú kòrókòró. Ó jọ pé ti Súrùlérè mọ ti Yábàá, ìdí nìyẹn tí lílọ fi dára. Ti Yábàá ni kò mọ ti Súrùlérè. Ẹni tó ń kọ ìwé náà ló gbàgbé.

Ọdún mọ́kànlá, àwọn méjèèjì dúró sí ojú kan náà, ẹnì kan kò mọ orúkọ ẹnì kejì. Ní àdúgbò wa, bó o bá kó dé lọ́jọ́ Sátidé, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, mo ti mọ orúkọ rẹ àti ti ìyá rẹ.

Nígbà tí a sún mọ́ bíríìjì, ó ní kí n pe ẹnì kan, kí n máa bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá màmá sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tí ọwọ́ mi fẹ́ tẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé e. Mo pe Ìyá Oníbọ́tìnnì nísọ̀ rẹ̀. Mo kí i, ó kí mi. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá nítorí pé lórí bíríìjì yẹn ni, mo ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹ̀dá kan rí. Mo ní ìyá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Mo ní ẹ sọ òótọ́ fún mi nípa ọmọ mi kẹta. Mo ní etí yẹn, ta ló ni etí yẹn? Mo sọ ti ọdún mẹ́rin tí mo fi wà lókè ọ̀hún, mo sọ ti àbúrò ìyàwó mi, mo sọ bí mo ṣe ń fi kòkòrò bojú. Mo rojọ́ títí, kò fèsì, mo rò pé ojú ló ń tì í.

Ẹnjiníà rọra fọwọ́ kàn mí ní ejìká.

"Bàbá, ó ti já."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òpó iná kejì."

Dírẹ́bà húkọ́.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ó ní. "Etí ọmọ tèmi náà kò jọ tèmi. Ti ìyá ìyàwó mi ló gbé wá látọ̀run."

Mo gbé ojú sókè kí n má baà wò wọ́n. Pátákó ńlá kan ló wà lórí wa, tí ilé-iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́ sí ibẹ̀ gan-an, tó ní ọ̀rọ̀ rẹ kò ní já mọ́.

Abẹ́ pátákó yẹn ni ojú mi ti là. Ọ̀rọ̀ mi kò dé Sábó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sọnù. Àwọn méjì tó wà nínú ọkọ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ti fèsì. Ìyàwó mi kì í sì í mọ̀ tí fóònù bá já. Ó ń sọ ọ́ lọ ni. Ta ló jókòó tì í ní Ọjọ́bọ̀? Ẹni tó jókòó tì í láti ọdún mọ́kànlá ni. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri lọ́wọ́ irin, nígbà tó wà lẹ́nu èèyàn.

Mo ní kí wọ́n ṣẹ́rí padà sí Sábó.

Ìyá Oníbọ́tìnnì ń to bọ́tìnnì mọ́ káàdì nígbà tí a dé. Ó rí kóòtù mi, ó rí ẹnjiníà, ó dìde. Ó ní fóònù òun ló dákẹ́ lójijì, òun ti ń pè mí padà. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Mo bi í ní ohun tí ìyàwó mi sọ lórí bíríìjì lọ́jọ́ tí àìsàn kọlù ú.

Ó padà jókòó. Ó mú káàdì bọ́tìnnì kan, ó fi lélẹ̀, ó tún mú un.

"Ìyẹn ò yẹ lọ́rọ̀ ìkẹyìn èèyàn, Bàbá Rélùwéè. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

Mo di òpó ìsọ̀ mú.

"Ẹ sọ ọ́."

"Ẹ ò ní bínú?"

"Òun náà bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ẹ sọ ọ́, ìyá."

Ó wo ẹnjiníà, ó wò mí.

"Ó ní ẹ̀bà yín ń ta kókó."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní ìyàwó mi ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fara dà á. Ó ní mi kì í jẹ́ kí omi hó, kánjúkánjú ni mo máa ń da gààrí sí i. Ó ní kókó inú rẹ̀ ń há òun lọ́fun. Ó ní kí n kàn máa gbé omi kaná, kí n fi ìyókù sílẹ̀, òun á máa tẹ̀ ẹ́ tí òun bá dé. Ìyá Oníbọ́tìnnì ní ó pẹ́ tí àwọn ti jọ ń jíròrò bó ṣe máa sọ ọ́ fún mi láìdùn mí, òun náà ló sì kì í láyà lọ́jọ́ yẹn.

"Kí ló wá sọ tẹ̀ lé e?"

"Kò gbọ́ ohùn yín mọ́. Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ṣé ẹ rí i, ó ti dákẹ́. Ó ti bínú.' A ò tíì dé Másà tó fi ní orí ń fọ́ òun."

Mo wo àwọn bọ́tìnnì tó tò sórí káàdì. Pupa, funfun, aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù tó fi ń wojú mi bí ẹni tó ń dúró de èsì.

"Mi ò bínú," mo ní.

"Mo mọ̀," Ìyá Oníbọ́tìnnì ní.

"Mi ò bínú rárá."

Ẹnjiníà ń wo ilẹ̀. Ni ẹ̀rín bá gbé mi, àfi bí ẹni tí wọ́n rìn ní ìgigìrì. Ìyá Oníbọ́tìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn nu ojú. Ó wá bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ etí tí mo ń sọ kí fóònù tó já. Mo ní kò sí nǹkan kan. Dírẹ́bà tó wà níta ní, "Bàbá ti parí ìyẹn."

Nígbà tí ọmọ mi kẹta tún wá kí mi, mo wo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Etí ni. Mo bu ẹran kún tirẹ̀.

Wọ́n tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ṣe. Ẹnjiníà pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní kíkọ orúkọ òpó Súrùlérè sínú ìwé òpó Yábàá kò gbà ju àsìkò téèyàn fi ń mu ife omi kan lọ, gbígba àṣẹ láti kọ ọ́ ló gba oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ pátákó yẹn wá di òótọ́ ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí bíríìjì, nítorí ọjọ́ tí wọ́n fi háyà ibẹ̀ ti pé. Ilé-iṣẹ́ náà wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n fi nọ́ńbà kan láti orí ẹyọ kan dé orí mẹ́wàá sọ bí iṣẹ́ àwọn ṣe tẹ́ mi lọ́rùn sí. Mo kọ èsì tó kún ojú fóònù. Mo ṣàlàyé pé ìgbà tí iṣẹ́ wọn kò dára ló wúlò fún mi jù, àmọ́ kí wọ́n má tìtorí ìyẹn bà á jẹ́ padà, kí wọ́n sì bá mi kí ọmọ tó tún un ṣe. Ohùn inú fìríìjì yẹn ló fèsì pé ohun tí mo kọ kò yé àwọn, kí n tẹ nọ́ńbà.

Ìyá Oníbọ́tìnnì máa ń pè mí nírọ̀lẹ́ mìíràn bó bá ń bọ̀ nínú ọkọ̀. Ó ń ròyìn télọ̀, èmi ń sọ "ẹn-ẹ́n". Ohùn rẹ̀ ń gun bíríìjì, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó mọ́ gaara, kò wọ kànga kankan. Mi ò wá mọ ibi tó dé mọ́ àfi tí mo bá bi í.

Mo ń tẹ ẹ̀bà tèmi. Mo máa ń dúró ti omi báyìí, apá méjèèjì lẹ́yìn, bí mo ṣe ń dúró ti ọkọ̀ láyé iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ hó, kó hó dáadáa, kí n tó rọra fọ́n gààrí sí i, kí n dé e, kí n tó rò ó. Lánàá, ó rọ̀, ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Mo jókòó tì í, mo fi ìka wá inú rẹ̀ yíká, mo ń wá kókó kan. Kò sí.